Gọ́tà tó dí níwájú ìsọ̀ mi àti ìdìbò káńsù: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Aránṣọ Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, ìsọ̀ mi sì wà létí títì kékeré kan tí gọ́tà rẹ̀ ti dí láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Bí òjò bá ti rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àgbàrá a kún, a sì máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ̀ mí. Mo ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi sókè, aṣọ oníbàárà kankan kì í sì í sùn nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́ lásìkò òjò. Ara ògiri tó kọjú sí gọ́tà yẹn gan-an ni pósítà káńsẹ́lọ̀ wa ṣì lẹ̀ mọ́. Òòrùn ti pa àwọ̀ ojú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ìlérí tó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà: títì tó dán, iná ojú pópó, gọ́tà tó mọ́.

Mo jáde dìbò ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ OYSIEC ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láàárín wákàtí kan tí mo lò níbẹ̀, èèyàn mọ́kànlá péré ni mo rí, bẹ́ẹ̀ ìlà tí a tò ní ọdún 2023 láti dìbò ààrẹ yí ilé kan po. Ní èrò tèmi, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kó rí, nítorí pé ààrẹ kò ní wá kó yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú gọ́tà mi, gómìnà náà kò sì mọ orúkọ àdúgbò mi. Káńsù ló sún mọ́ wa jù, káńsù náà sì ni ìbò rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan lójú wa. Èyí ń dùn mí gan-an.

Sáà àwọn káńsù wa kì í ju ọdún mẹ́ta lọ, nítorí náà ìdìbò mìíràn kò ní pẹ́ dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lé lórí ni bí èèyàn ṣe ń dá olùdíje tó mọ iṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn mọ̀rọ̀ ọ́n sọ, àti ohun tí olùdìbò kan lè ṣe láàárín ìdìbò kan sí èkejì kí wọ́n lè dá a lóhùn.


Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:

Aránṣọ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òfin fi ọ̀rọ̀ gọ́tà sí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ẹrù káńsù lé gómìnà lórí. Àfikún Kẹrin tó wà lẹ́yìn Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Lára wọn ni títì àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀, ibi tí a ti ń pa ẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, kíkó pàǹtí, àti kíkọ orúkọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú sílẹ̀. Wọ́n tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Nítorí náà, bí káńsẹ́lọ̀ bá gbẹ́ gọ́tà yín, kì í ṣe pé ó ṣe yín lóore. Iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbà á ni.

Kò sì yẹ kí ìlú Ìbàdàn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú gọ́tà. Mo wà nílùú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, mo sì tún wà nílé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 nígbà tí omi gbé ilé, afárá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ ní òru ọjọ́ kan. Pàǹtí tí a ń dà sójú omi àti ilé tí a ń kọ́ dí ọ̀nà omi kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn méjèèjì, ojúṣe káńsù sì ni ọ̀rọ̀ pàǹtí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa rò pé káńsù kò ní iyì rí. Ó ní in. Nígbà tí Adégòkè Adélabú di alága káńsù Ìbàdàn ní ọdún 1954, gbọ̀ngàn Mápó tí káńsù ń jókòó sí ni ojú gbogbo ìlú wà. Owó orí àti owó ìdá ilé tó ń ti ọwọ́ ará ìlú jáde ló ń gbé káńsù ró, ẹni tó bá sì sanwó a máa béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Nígbà tí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ pọ̀ lórí káńsù náà, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Nicholson dìde, Adélabú sì kúrò ní ipò alága ní ọdún 1956. Lẹ́yìn àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1976 ni owó ìjọba àpapọ̀ di òpómúléró káńsù, láti ìgbà náà sì ni àwa ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo owó káńsù bí owó aláìníbàbá. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ti wọ́.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Káńsù kan ṣoṣo ló wà fún ìgboro Ìbàdàn títí di ọdún 1991 tí wọ́n pín in sí márùn-ún. Bí a bá ka Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà Àrà mọ́ wọn, mọ́kànlá ni wọ́n. Kò sí olórí kan tí ẹ lè tọ́ka sí pé òun ló ni gbogbo ìlú. Gọ́tà lè bẹ̀rẹ̀ ní káńsù kan kó sì parí sí òmíràn, àwọn méjèèjì a sì máa ti ẹjọ́ síra wọn. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ààlà wà kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan.


Awakọ̀ Máíkírà:

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Bàbá Olùkọ́, mo sì bá aránṣọ kẹ́dùn, ṣùgbọ́n mi ò ní lè pa òótọ́ inú mi mọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024 yẹn, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ wa ló gba ìjọba ìbílẹ̀ 33, èyí tó túmọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹ́ gómìnà gba gbogbo 20. Ní Òǹdó ní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹgbẹ́ gómìnà gba gbogbo 18. Ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ gómìnà gba ipò alága 57 láìku ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ yàtọ̀ síra láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, àbájáde kò yàtọ̀. Gómìnà ló ń yan àwọn ọmọ àjọ tó ń ṣètò ìdìbò náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ń fọwọ́ sí i ni. Bí ẹni tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá tún ni rẹfirí, kí ni èmi fẹ́ lọ wò ní pápá?

Ẹ tún rántí pé ọjọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbàjọba, ìyẹn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ló tú káńsù tí a dìbò yàn ní ọdún 2018 ká. Alága fìdíhẹẹ́ ló wà níbẹ̀ títí di ọdún 2021. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2021 pé kò bófin mu, ó sì ní kí wọ́n san owó àwọn tí wọ́n lé, àmọ́ ta ni yóò san ìyà ìbò tèmi padà fún mi? Gómìnà tó ṣáájú rẹ̀ náà lo alága fìdíhẹẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ti dáwọ́ dúró. Ọjọ́ ìdìbò káńsù, ilé ni mo máa ń wà.


Ìyá Aláta:

Ọmọ mi awakọ̀, inú tó ń bí ọ kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n jíjókòó sílé rẹ kò dín owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi kù. Ojoojúmọ́ tí mo bá pàtẹ ata ni ọmọ káńsù ń wá já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà sínú agolo wàrà ńlá kan tí mo máa ń tọ́jú sábẹ́ àtẹ. Nígbà tí àwọn olùdíje wá bá wa lọ́jà kí ìdìbò tó wáyé, wọ́n ti jó, wọ́n ti kọrin, wọ́n sì ti pín àńkárá, ni mo bá gbé agolo mi jáde, mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì iwájú wọn. Ó lé ní igba. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún kan ni ti èmi nìkan nìyí, àwa tí a sì wà lọ́jà yìí kò níye. Èwo nínú owó yìí ló kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí obìnrin lè wọ̀?" Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ wọ̀ọ̀.

Ẹnì kan nínú wọn dìde, ó ní kí n fún òun ní oṣù mẹ́fà. Ó lò ju oṣù mẹ́wàá lọ, ilẹ̀kùn méjì péré ló sì ṣe dípò mẹ́rin, omi ẹ̀rọ kò sì sí níbẹ̀ títí di òní, àwa la ń pọnmi sí i. Síbẹ̀, èmi kì í lọ sínú igbó mọ́. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ẹ má ṣe bi olùdíje pé kí ló fẹ́ ṣe fún wa, nítorí ẹnu rẹ̀ yóò gùn. Ẹ bi í nípa nǹkan kan tí ẹ lè fojú rí, tí ẹ lè kà, tí ẹ sì lè dá ọjọ́ fún. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò bi yín padà pé níbo ló wà, báwo ló ṣe gùn tó, ta ló ni ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kàn ní kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ tún jìnnà sí dìbò-kóo-sebẹ̀. Mo rí àwọn tó gbà á. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn méjì yẹn délẹ̀, àwọn náà kò lè sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n ti jẹ tiwọn.


Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé:

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a lè ṣe láàárín ìdìbò kan sí èkejì, nítorí àdúgbò tiwa náà ti jẹ irú ìyà yìí, ó sì gbà wá ní lẹ́tà mẹ́ta kí a tó rí ojútùú díẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kún fún ẹ̀bẹ̀ àti àdúrà, kò sì sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Lẹ́tà kejì kún fún ìbínú, kò sẹ́ni tó dá ìyẹn náà lóhùn. Nígbà tí a máa kọ ẹ̀kẹta, a mú téèpù, a wọn gọ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ka ilé àti ìsọ̀ tó wà létí rẹ̀, a ya fọ́tò ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ní ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, a sì kọ déètì sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Alága káńsù la kọ ọ́ sí, a fún káńsẹ́lọ̀ ní ẹ̀dà kan, a sì mú ẹ̀dà mìíràn lọ sí ẹ̀ka tó ń mójú tó iṣẹ́ títì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé kí ẹ má ṣe fi lẹ́tà sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò rí i. Òǹtẹ̀ tiwa la gbé dání nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ kò sì lè lé wa.

Wọ́n fún wa ní katakata fún ọjọ́ kan, wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ kúrò nínú nǹkan bí ìdajì gọ́tà náà. Àwa onílé dá owó sìmẹ́ǹtì láti tún ẹ̀gbẹ́ kan ṣe. Ìdajì tó kù ṣì wà bẹ́ẹ̀, inú mi kò sì dùn sí i, ṣùgbọ́n omi kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni ní apá tiwa mọ́.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ni ọdún ìsúná, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí ìsúná káńsù. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà lọ ní oṣù kejì, wọn yóò sọ fún un pé owó ọdún yìí ti ní ojú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ti wà lórí tábìlì káńsẹ́lọ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ná owó, òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín láṣẹ láti kọ̀wé béèrè, ó sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin náà kò de àwọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ó de gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà.

Awakọ̀, ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà ló sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn láìgba ọwọ́ gómìnà, àti pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ìmúṣẹ rẹ̀ ń falẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí alága bá ní gómìnà ló di owó mú, ẹ lè ní kó fi ìwé hàn yín.


Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ọmọ Nàìjíríà sì ni mí síbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé àṣẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, mo ń dìbò káńsù Southwark. Káńsẹ́lọ̀ 63 ló wà níbẹ̀, wọ́ọ̀dù púpọ̀ sì ní mẹ́ta mẹ́ta. Kì í ṣe pé èrò máa ń pọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò káńsù, níbí náà wọn kì í jáde tó ti ìdìbò gbogbogbòò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn káńsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ń jókòó sí láti gbọ́ ẹjọ́ ará àdúgbò. Mo gbé ọ̀rọ̀ ilé tó ń jò lọ, mo sì bá wọn níbẹ̀. Ẹ bèèrè èyí lọ́wọ́ olùdíje tiyín kó tó wọlé: ọjọ́ wo, aago mélòó, níbo. Kò ná owó kankan.


Aṣojú Ẹgbẹ́ ní Ibùdó Ìdìbò:

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò, mo sì fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un.

Ìwé orúkọ olùdìbò tí àjọ INEC kó jọ ni àjọ ìpínlẹ̀ ń lò fún ìdìbò káńsù, nítorí náà káàdì ìdìbò alálòpẹ́ tí ẹ fi dìbò ààrẹ lẹ máa fi dìbò káńsẹ́lọ̀. Ní ọdún 2021, INEC fi kún ibùdó ìdìbò láti 119,974 sí 176,846 ní gbogbo Nàìjíríà, wọ́n sì gbé àwọn olùdìbò kan lọ sí ibùdó tuntun. Mo ti rí àgbàlagbà tó rìn láti ibùdó kan dé èkejì títí agara fi dá a, tó sì padà sílé láìdìbò. Ẹ yẹ orúkọ yín wò ṣáájú ọjọ́ ìdìbò. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní ibùdó yín, ọ̀fẹ́ ni, àsìkò ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún un. Òfin gbà kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí níbi tó ti wá.

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ ní ilé lẹ máa ń wà lọ́jọ́ ìdìbò, bí ẹni pé ìbò kan kò lè ṣe nǹkan kan. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 ní ìpínlẹ̀ Èkó, Peter Obi ní 582,454, Bọ́lá Tinúbú ní 572,606. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 9,848, ibùdó ìdìbò tó wà ní Èkó sì jẹ́ 13,325. Bí a bá pín in, kò tó ìbò kan ṣoṣo ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdìbò káńsù Èkó tí ẹ mẹ́nu bà pàápàá, ẹgbẹ́ PDP rí ipò káńsẹ́lọ̀ kan gbà ní Yábà. Ẹyọ kan nínú 376 kéré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará wọ́ọ̀dù yẹn jáde.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ọdún tí mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló sì kọ́ mi. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni díje láìsí ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá wá ń kó gbogbo ipò, a jẹ́ pé inú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ti ń yan káńsẹ́lọ̀ yín, kì í ṣe ní ọjọ́ ìdìbò. Ní wọ́ọ̀dù tí mo mọ̀ dáadáa, àwọn tó jókòó pinnu ẹni tí yóò gbé àsíá ẹgbẹ́ kò tó ogójì. Kò sí aránṣọ nínú wọn, kò sí aláta, kò sí awakọ̀ Máíkírà. Bí ogún nínú yín bá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, tí ẹ sì ń jókòó ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá yẹn lọ tó ti di tiyín.


Awakọ̀ Máíkírà:

Aṣojú, mi ò tíì gbà pé ìdìbò káńsù mọ́. Títí wọ́n fi máa gba yíyan àjọ yẹn kúrò lọ́wọ́ gómìnà, èmi yóò máa sọ ọ́, ó sì yẹ kí a máa bi olùdíje ipò aṣòfin pé ṣé wọ́n máa yí i padà. Ṣùgbọ́n ogójì èèyàn tí ẹ sọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá. Àwa awakọ̀ tó ń jókòó ní gáréèjì wa láràárọ̀ ju ogójì lọ. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìpàdé wọ́ọ̀dù.


Aṣojú Ẹgbẹ́ ní Ibùdó Ìdìbò:

Ẹ béèrè lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín. Bí ó bá ń yí ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ má sì dá lọ.


Aránṣọ Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí, mo sì rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo yẹ orúkọ mi wò, mo rí i pé wọ́ọ̀dù ilé mi ni mo ti ń dìbò láti ọjọ́ yìí, ìsọ̀ mi sì wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn. Káńsẹ́lọ̀ tí mò ń wo pósítà rẹ̀ láràárọ̀, tí mo sì ń pè ní káńsẹ́lọ̀ wa, mi ò dìbò fún un rí, mi ò sì dìbò takò ó. Èmi tí mò ń bínú pé kò dá mi lóhùn, orúkọ mi kò sí nínú ìwé rẹ̀ rárá.

Mo ti pinnu láti gbé orúkọ mi wá sí wọ́ọ̀dù ìsọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń lo ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀. Kí ìyẹn tó parí, èmi àti ẹlẹ́ran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi téèpù aṣọ mi wọn gọ́tà náà. Mítà 62 ni, ìsọ̀ mẹ́rìnlá ló wà létí rẹ̀, àwọn mẹ́sàn-án nínú àwọn tó ni ìsọ̀ náà ló sì ń dìbò ní wọ́ọ̀dù yẹn. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fọwọ́ sí lẹ́tà. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì ti fi ike bò ó kí omi má baà bà á jẹ́. Mo bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé níbẹ̀ ọjọ́ tí káńsẹ́lọ̀ máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ará àdúgbò. Ó wò mí, ó ní kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀. Bí wọn kò bá pè mí, èmi àti ẹlẹ́ran ti jọ sọ ọ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa padà lọ, àwọn méje mìíràn sì ní àwọn máa bá wa lọ.